Ta Ló Sọ Bẹ́ẹ̀, Níbo Ló Ti Sọ Ọ́?

Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe olóòtú àgbà jọ́nà àwa akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní ìlú Ọ̀yọ́, ìyá mi ni mo kọ́kọ́ pè ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní, "Olóòtú? Ṣé wàá máa ka ìròyìn lórí rédíò ni?" Mo ní rárá o, ìwé ni, ìwé tó dá lórí òfin àgbáyé àti ètò ààbò. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé wọ́n máa sanwó fún ẹ?" Mo ní wọn ò ní sanwó. "Ó dáa náà," ni wọ́n wí, ni wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ sí iye tí wọ́n ń ta gàrí lọ́jà.

Èmi náà ò mọ ohun tí mo gbà. Lójú tèmi, olóòtú àgbà ni ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, tí fọ́tò rẹ̀ máa ń wà níwájú ìwé, tí àwọn ọmọ ọdún kìíní máa ń sá fún ní kọ́rídọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn, wákàtí méjì ni mo fi kọ ọ́. Ìyókù ọdún náà, ìsàlẹ̀ ni mo ń wò.

"Ìsàlẹ̀" ni àwa ń pe àwọn àkọsílẹ̀ wínníwínní tó máa ń wà nísàlẹ̀ ojú ewé, níbi tí òǹkọ̀wé ti ń sọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ tó kọ sókè. Òǹkàwé kì í sábà wò ó. Àwa la gbọ́dọ̀ wò ó, ká ṣí ìwé tí wọ́n dárúkọ, ká dé ojú ewé tí wọ́n tọ́ka sí, ká rí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ojú wa. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ṣe é lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ògiri yàrá wa: TA LÓ SỌ BẸ́Ẹ̀, NÍBO LÓ TI SỌ Ọ́? Tí iná bá lọ, tọ́ọ̀ṣì orí fóònù la fi ń ṣe é. Ojú mi ò tíì padà bọ̀ sípò títí di òní.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni irú jọ́nà báyìí ti ṣẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń darí èyí tó pọ̀ jù nínú jọ́nà òfin wọn. Ti Harvard ti wà láti 1887. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ka iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, òun ni yóò sọ pé èyí wọlé, èyí ò wọlé. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, nǹkan tó le ni lójú ọmọ Yorùbá: kí ọmọ tó kúnlẹ̀ kí tíṣà láàárọ̀ máa fi bírò pupa kọ "ẹ̀rí dà?" sára iṣẹ́ tíṣà náà lọ́sàn-án. Mo ń padà bọ̀ sórí ìyẹn.

Àwa mẹ́jọ ni. Ìtẹ̀jáde kan lọ́dún. Bí àpilẹ̀kọ bá dé, a ó bo orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni méjì a kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá gbà á, ó di ọwọ́ àwa mẹ́ta tó ń yẹ ìsàlẹ̀ wò. Ní ti owó, àwa la dá a. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Lọ́dún tiwa, Niger ni gbogbo èèyàn fẹ́ kọ̀wé lé lórí. Àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀ ní July 26, 2023. Nígbà tó di July 30, ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n dá Ààrẹ Bazoum padà sípò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè lo agbára. Ṣé ECOWAS lẹ́tọ̀ọ́ láti kógun wọ Niger? Ìbéèrè tó dùn ún kọ ni lóòótọ́. Ó ju ìdajì àpilẹ̀kọ tó wọlé tó dá lórí rẹ̀, àwọn míì kọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ wọ bàtà ológun kó máa lọ lọ́jọ́ náà.

Kò sí èyí tí kò mẹ́nu ba Ìwé Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1945. Ẹnì kan kọ ọ́ pé Abala 51 gba orílẹ̀-èdè láyè láti gbèjà ara rẹ̀ "bí wọ́n bá ń halẹ̀ mọ́ ọn". Mo ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dùn, ó sì mọ́gbọ́n dání. Ìgbà tí mo ṣí abala náà gan-an, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí ìkọlù ológun bá wáyé. Kò sí ìhalẹ̀ níbẹ̀ rárá. Abala 2, ẹsẹ 4, ni ọ̀rọ̀ ìhalẹ̀ wà, ohun tí ibẹ̀ sì ń sọ ni pé kí orílẹ̀-èdè má halẹ̀ mọ́ra wọn, kí wọ́n má sì lo agbára síra wọn. Òǹkọ̀wé wa ti mú ohun tí wọ́n ní kí wọ́n má ṣe láti ilé kan, ó gbé e lọ fi ṣe àwíjàre nílé kejì. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí bóyá èèyàn lè ṣáájú ọ̀tá kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ti àwọn onímọ̀ yẹn, kó dárúkọ wọn, kó má fi ọ̀rọ̀ wọn sẹ́nu ìwé àdéhùn. Bó bá sì jẹ́ ti Niger gan-an, Abala 53 ló yẹ kí wọ́n ti gbéra, èyí tó sọ pé àjọ ẹkùn kankan ò gbọdọ̀ lo ipá láìjẹ́ pé Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yọ̀ǹda fún un. Ẹni méjì péré ló débẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, ó rọrùn láti dá padà. Èyí tó gba oorun lójú mi ni ti àgbà kan tó fi tiẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Olùkọ́ ni wọ́n, ẹni táwọn èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún, iṣẹ́ wọn sì dáa. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kẹtàdínlógún tọ́ka sí ojú ewé 212 ìwé ńlá kan, mo sì ṣí ojú ewé 212, ọ̀rọ̀ ẹja pípa lójú òkun ni mo bá níbẹ̀. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Ẹja ni. Kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo náà, mẹ́rin ló rí bẹ́ẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Tí mo bá kọ "ẹ jọ̀ọ́ sà" méjì, ó dà bíi pé mò ń tọrọ owó. Tí mo bá yọ ọ́ kúrò, ó dà bíi pé mo fẹ́ bú wọn. Níkẹyìn mo fi lẹ́tà sílẹ̀, mo gbé ìwé náà lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì wọn. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán sà. Ẹ má bínú sí mi sà. Mo wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé yìí, mi ò rí i ní ojú ewé 212. Mo ní bóyá ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi ni kò bá tiyín mu sà."

Ẹ wò ó, mo mọ̀ pé ẹ̀dà kan náà ni. Ṣùgbọ́n báyìí la ṣe ń fún àgbà ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà jáde láìjẹ́ pé wọ́n forí gbá lẹ̀kùn. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n fa tiwọn yọ nínú pẹpẹ, wọ́n ṣí i. Fáànù ń yí lókè, ó ń dún kì-kì-kì. Wọ́n wo ojú ewé náà pẹ́.

"Ẹ̀dà tìẹ bá tèmi mu," ni wọ́n wí. Wọ́n bọ́ awò ojú. "Ó ku mélòó?"

"Mẹ́ta, sà."

"Dìde nílẹ̀, fa àga yẹn."

Títí tí ọ̀gá tó ń ti ilẹ̀kùn fi wá kanlẹ̀kùn la jọ jókòó síbẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti ṣe láti ọdún pípẹ́, lọ́wọ́ ara wọn, ni wọ́n ń lò, nọ́ńbà ti dàrú mọ́ra wọn. Mẹ́ta nínú rẹ̀, a rí ibi tó wà. Ẹ̀kẹrin, a wá a tì. Wọ́n ní òun mọ̀ pé òun kà á níbì kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo dé yàrá mi, mo yọ gbólóhùn náà kúrò, mo fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n bá wa wò ó kẹ́yìn. Wọn ò sọ nǹkan kan. Bóyá wọn ò rí i, bóyá wọ́n rí i, mi ò mọ̀. Tá a bá pàdé, wọ́n á bèèrè ìyá mi.

Ti ọmọkùnrin ọdún kẹrin kan tún wà. Ó tọ́ka sí ẹjọ́ kan ní Ilé Ẹjọ́ ECOWAS tó wà l'Ábùjá: orúkọ olùpẹ̀jọ́, nọ́ńbà, ọdún, títí kan ìpínrọ̀ tí adájọ́ ti sọ̀rọ̀. Láti 2005 ni ará ìlú lásán ti lè gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ síbẹ̀, nítorí náà kò yà wá lẹ́nu pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá a. Kò sí lára àwọn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ náà, kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. A kọ̀wé sí i, ó ní orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun ti rí i. A ní kó fi ránṣẹ́. Ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wá jẹ́wọ́ pé ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lòun bi. Lọ́dún 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn $5,000 lé àwọn lọ́yà kan lórí nítorí irú nǹkan yìí gan-an, ẹjọ́ tí kò sí tí wọ́n gbé lọ síwájú kóòtù. A dá iṣẹ́ rẹ̀ padà, a ò fi ariwo sí i. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ìdájọ́ tí kò sí yẹn dùn ún kà ju ojúlówó lọ. Adájọ́ gidi kì í sọ̀rọ̀ tààrà bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n ti fura láti ibẹ̀.

Ìwé ti wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé lágbègbè Owódé nígbà tí January 29, 2025 pé, ọjọ́ tí Mali, Burkina Faso àti Niger jáde pátápátá kúrò nínú ECOWAS. Ibi mẹ́sàn-án nínú ìwé náà la ti kọ ọ́ pé "orílẹ̀-èdè 15" ló wà nínú ECOWAS, wọ́n sì ti di méjìlá. Mo sáré gun ọ̀kadà lọ bá wọn. Atẹ̀wé ní àwo ìtẹ̀wé ti jáde, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe á san owó àwo tuntun. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. A san án. Látìgbà náà, ọjọ́ tá a parí iṣẹ́ lórí àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan la máa ń kọ sí òkè rẹ̀, kí òǹkàwé mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó rò pé lẹ́yìn gbogbo èyí, ìwé wa á mọ́ tónítóní. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ọgọ́ta ẹ̀dà la tẹ̀. A fi díẹ̀ sí ibi ìkàwé, a mú ìyókù fún àwọn àgbà lọ́yà àtàwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì nílùú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan mò ń fọṣọ, fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀.

"Ìwọ ni olóòtú ìwé yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ káàárọ̀ sà."

"Ṣí ojú ewé 41."

Mo nu ọwọ́ ọṣẹ sára ìró mi, mo wọlé. Bàbá náà ò dárúkọ ara wọn, wọ́n kàn ń dúró dè mí lórí fóònù. Àpilẹ̀kọ tó wà níbẹ̀ dá lórí Bakassi, ilẹ̀ tí Nàìjíríà àti Cameroon jọ jà sí, ó sì sọ pé Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague gba ilẹ̀ náà fún Cameroon ní October 10, 2002, àti pé "àwọn adájọ́ náà, títí kan Bọ́lá Ajíbọ́lá ọmọ Nàìjíríà", ló dá a bẹ́ẹ̀.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Bàbá wí. Mo ń wo ìwé tó wà lára ògiri wa. "Adájọ́ mẹ́tàlá ló fara mọ́ ọn lórí Bakassi, mẹ́ta ò fara mọ́ ọn. Ajíbọ́lá wà lára àwọn mẹ́ta. Ó kọ tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ó gùn. Ọkùnrin náà kú ní 2023. Ṣé ẹ fẹ́ kó jí wá ṣàlàyé ara rẹ̀ fún yín ni?"

Ara mi bù máṣọ. Èmi ni mo yẹ ìsàlẹ̀ yẹn wò, orúkọ mi ló wà níbẹ̀ nínú ìwé tá a fi ń ṣàmì. Mo ṣí ìdájọ́ náà lóòótọ́. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo ti rí orúkọ gbogbo àwọn tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà, mo rí Ajíbọ́lá láàárín wọn, adájọ́ tí Nàìjíríà yàn fún ẹjọ́ yẹn nìkan, mo sì fàmì sí i. Mo rí orúkọ rẹ̀, mi ò bèèrè ohun tó sọ. Ìdájọ́ náà gùn, alẹ́ ti lẹ́, ìsàlẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ṣì ń dúró dè mí. Gbogbo ìyẹn kì í ṣe àwáwí.

Bàbá ò tíì ṣe tán. Ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e sọ pé Nàìjíríà kúrò ní Bakassi ní 2002. "Ọdún tí wọ́n dá ẹjọ́ kọ́ ni ọdún tí wọ́n kó ẹrù," ni wọ́n wí. Wọ́n ka á fún mi bí ẹni ń ka oríkì: àdéhùn Green Tree tí Nàìjíríà àti Cameroon jọ fọwọ́ sí, June 12, 2006, ìfàlélọ́wọ́ tó kẹ́yìn, August 14, 2008. Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn rọ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ti ṣe ààrẹ ilé ẹjọ́ yẹn rí, Taslim Ọláwálé Elias, láti 1982 sí 1985. Mo ní mo mọ̀ sà. Wọ́n ní, "Ìyẹn lẹ mọ̀," wọ́n sì pa fóònù.

A tẹ àtúnṣe sórí ìwé pélébé, a gé e pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, a ra góòmù, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Nínú ọgọ́ta, mẹ́tàléláàádọ́ta la rí lẹ̀. Méje tó kù wà níta níbì kan, ẹnì kan lè máa kà á báyìí pé Ajíbọ́lá fọwọ́ sí i. Ọ̀kan lára àwọn tá a lẹ̀ ni ti Bàbá olóòótọ́ yìí; mo wá ilé wọn rí, mo mú omi ọsàn lọ́wọ́. Wọ́n wo góòmù náà, wọ́n ní ó wọ́.

Mo ti fi èyí tó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ sẹ́yìn, torí pé ojú ń tì mí. Àpilẹ̀kọ tó dára jù nínú ìtẹ̀jáde yẹn, díẹ̀ ló kù kí n kọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin ọdún kejì kan láti Ìgbòho ló kọ ọ́, lórí ìpinnu ECOWAS ti 1998 nípa dída ẹran láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Nígbà ìpàdé, èmi gan-an ni mo ní, "Èyí kì í ṣe òfin àgbáyé, ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ni." Yàtọ̀ sí Niger, ogun Ukraine ló wà lọ́kàn wa nígbà yẹn, àti ìjà lórí òkun China. Ọ̀rẹ́ mi tó lẹ ìwé mọ́ ògiri ni kò gbà. Ó ní, "Ṣé o ti wo ìsàlẹ̀ rẹ̀?"

Mo wò ó. Àwọn tó kọ nípa Ukraine, ìwé ìròyìn ni wọ́n tọ́ka sí. Ọmọ yìí ní ìwé ìpinnu náà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, abala lórí abala: pé ẹran tó bá fẹ́ kọjá ibodè gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ECOWAS, pé iye ẹran, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gbà, ọ̀nà tí wọ́n máa gbà àti ibi tí wọ́n ń lọ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, pé ojúmọmọ nìkan ni wọ́n lè kọjá. Lẹ́yìn náà ló wá lọ bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń lò ó. Mo ní kó mú mi lọ.

Ní kárà, ìyẹn ọjà màlúù, a bá bàbá Fúlàní kan tó ń sọ Yorùbá Òkè-Ògùn ju èmi lọ. Ọmọ náà bèèrè ìwé. Bàbá tọwọ́ bọ abẹ́ agbádá, wọ́n fa nylon kan yọ tí wọ́n fi okùn pupa dì, wọ́n tú u díẹ̀díẹ̀. Káàdì abẹ́rẹ́ ẹran wà níbẹ̀. Rìsíìtì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, àwọn míì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ti owó tí wọ́n san níbí, ti owó tí wọ́n san lọ́hùn-ún. Ìwé ẹ̀rí ECOWAS kò sí níbẹ̀. "Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "àwọn tó ń dá wa dúró lójú ọ̀nà, wọn ò bèèrè ìyẹn rí. Owó ni wọ́n ń bèèrè." Ìsàlẹ̀ kẹjọ nìyẹn, láìdárúkọ.

Nígbà tí ìwé jáde, mo bá a mú ẹ̀dà kan lọ fún bàbá rẹ̀ ní Ìgbòho. Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ ọ́, bàbá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà lábẹ́ igi máńgòrò ni ọmọ jókòó sí tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún baba rẹ̀, tí ó ń wá ọ̀rọ̀, tí ó ń fọwọ́ júwe. Bàbá ń bẹ iṣu lọ. Ìgbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní ojúmọmọ nìkan ni ẹran lè gba ibodè, ọ̀bẹ dúró.

"Èyí tó jẹ iṣu mi lọ́dún èṣí, òru ló wá," ni Bàbá wí. "Ta ló wà níbẹ̀ lóru?"

Ọmọ náà wò mí. Ó ṣí ojú ewé náà padà, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Mo yọ bírò, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀dà tiwọn.